Bí Sípíkà Kan Bá Ń Dákẹ́ Tó Tún Ń Fọhùn

Orin ń lọ geere, ohùn apá òsì kàn pòórá. Ẹnìkan á dìde, á gbá orí ampilifáyà, ohùn á padà. Kò ní tó ìṣẹ́jú 10, ó tún ti lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò ló máa ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sórí ọ̀kadà lọ bá atúnrédíòṣe, tó bá sì débẹ̀, ohùn á máa jáde kedere lápá méjèèjì. Ọ̀kadà ti mì ín lójú ọ̀nà, ohun tó yẹra ti padà fara kan èkejì rẹ̀. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í jẹ́ kí oníṣègùn rí òun, nítorí náà ilé yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ṣọ́ ọ.

Ẹ má tíì tú inú ẹ̀rọ kankan. Ìbejì ni stéréò: ohun tó wà lápá òsì náà ló wà lápá ọ̀tún, láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń kọrin títí dé sípíkà. Ẹ gbé òsì sípò ọ̀tún ní ojúkò kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá wo ibi tí ìdákẹ́ náà máa gbà. (Bó bá jẹ́ pé apá méjèèjì ló ń lọ pa pọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo iná: bí iná NEPA bá rẹlẹ̀ jù, ampilifáyà mìíràn á gé sípíkà méjèèjì kúrò.)

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òsì ló ń dákẹ́. Ẹ pa ampilifáyà, kí ẹ yọ ọ́ lára ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tú wáyà sípíkà òsì, kí ẹ dè é mọ́ ojú tí tọ̀tún wà, kí tọ̀tún bọ́ sí tòsì. Pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Ẹ yí ẹnu wáyà pọ̀ dáadáa, torí fọ́nrán kan ṣoṣo tó bá yọ kan ojú kejì lè jó táńsísítọ̀ inú ampilifáyà kí ẹ tó mọ̀. Ẹ tàn án padà, kí ẹ fi orin sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ẹ sì fara balẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan kí ó tó ṣe é. Bó bá jẹ́ sípíkà òsì yẹn kan náà ló tún dákẹ́, sípíkà tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àrùn. Bó bá jẹ́ sípíkà ọ̀tún ló wá ń dákẹ́, ọwọ́ sípíkà mọ́: ampilifáyà tàbí ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni.

Ẹ dá wáyà sípíkà padà sípò. Ó kan wáyà kékeré olórí funfun àti pupa tó ti ara DVD tàbí dẹ́ẹ̀kì wá. Funfun ni òsì, pupa ni ọ̀tún. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ ki funfun sójú pupa, pupa sójú funfun, lẹ́yìn ampilifáyà. Bí ìdákẹ́ bá ṣí lọ sápá ọ̀tún, ẹ̀rọ tó ń kọrin tàbí wáyà yẹn ni. Ẹ gbé wáyà mìíràn sí i ná, torí òun ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn méjèèjì, òun ló sì dínwó jù. Bó bá dúró sápá òsì, inú ampilifáyà ni ká lọ.

Bó bá jẹ́ sípíkà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ampilifáyà, kí ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ní ojú ohm rẹ̀, wọn ẹnu méjèèjì. Sípíkà 8 ohm máa ń fi nǹkan bí 6 sí 7 hàn, ti 4 ohm á fi bíi 3 sí 3.5 hàn. Kí ẹnìkan máa rọ wáyà náà síwá sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹ ti ń wo mítà. Ibi tí òǹkà bá ti fò, ibẹ̀ ni wáyà ti já nínú rọ́bà rẹ̀. Eku ilé sì máa ń gé e lẹ́yìn àga. Bí kọ́pà ẹnu rẹ̀ bá ti dúdú, ẹ gé e dànù, kí ẹ bó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1 tuntun.

Ti ampilifáyà fúnra rẹ̀ ní àmì tirẹ̀. Bó bá ń ṣe krákrá nígbà tí ẹ bá yí fọ́líọ̀mù tàbí bálánsì, ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ ń wọlé, ọ̀rinrin òjò ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ yọ iná, kí ẹ yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà 20 sí 30, kí ẹ tẹ gbogbo èyí tó ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n kọ “tape monitor” sí, kí ẹ sì máa ki ẹnu íápíìsì bọ ihò rẹ̀ kí ẹ máa yọ ọ́, torí nínú ẹ̀rọ púpọ̀, ihò yẹn ló ń gé sípíkà kúrò. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bó bá tún padà dé, contact cleaner (oògùn tí wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ) ló kù, kí wọ́n fín in sínú bọ́tìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe kẹrosíìnì: epo rẹ̀ ń dúró síbẹ̀, ó sì ń kó eruku tuntun jọ. Pẹtiróòlù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iná.

Bó bá jẹ́ pé nígbà tí orin rẹlẹ̀ ló ń dákẹ́, tó sì ń padà bí ẹ bá gbé fọ́líọ̀mù sókè, relay ni kí ẹ fura sí. Òun ló ń dún “kó” ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ ni irin kéékèèké méjì ti ń pàdé fún apá kọ̀ọ̀kan, kí orin lè kọjá sí sípíkà. Bí wọ́n ṣe ń pàdé tí wọ́n ń pínyà, iná kékeré ń ṣẹ́ láàárín wọn, ojú wọn á dúdú. Orin jẹ́jẹ́ kò lágbára láti la ìdọ̀tí yẹn kọjá. Orin líle á là á, ìyẹn ló ń jẹ́ kó padà. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín orin líle ń mú un yá, nítorí náà, bí NEPA bá gbé e, ẹ yí fọ́líọ̀mù sílẹ̀ kó tó dé.

Atúnrédíòṣe lè fi pélébé bébà tí wọ́n rẹ sínú isopropyl alcohol fa ojú irin náà mọ́. Sáńpépà kò dáa, ó ń hó ojú rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù ni pípààrọ̀: kí iye fólítì (V) ara tuntun bá ti àtijọ́ mu (24V wọ́pọ̀), kí iye áńpíà (A) rẹ̀ má sì kéré sí ti àtijọ́. Ẹ má gbà rárá kí ẹnikẹ́ni so wáyà fò ó kọjá. Lóòótọ́ orin á máa dún, àmọ́ relay yẹn ló ń gé sípíkà kúrò lọ́jọ́ tí ampilifáyà bá bàjẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, iná tààrà (DC) á wọ inú sípíkà, á sì jó o.

Èyí tó ń dákẹ́ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, tí ara ẹ̀rọ ti gbóná, lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń jó ẹsẹ̀ pààtì mọ́ bọ́ọ̀dù) tó sán ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ẹ lè rí òrùka dúdú tín-ín-rín tó yí ẹsẹ̀ pààtì kan ká láàárín lẹ́ẹ̀dì tó ń dán. Ooru ń fẹ̀ ẹ́, ó ń là. Lẹ́ẹ̀dì tuntun ló máa wò ó sàn, ṣùgbọ́n àwọn kápásítọ̀ ńlá inú ibẹ̀ (pààtì tó ń fi iná pamọ́) ṣì lè gbá èèyàn lẹ́yìn tí ẹ ti yọ iná, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní mítà lọ́wọ́.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹ̀rọ: “Òsì ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25. Fọ́líọ̀mù kò mú un padà, gbígbá ló ń mú un padà. A ti pààrọ̀ sípíkà àti wáyà, kò ṣí kúrò.” Ẹ ní kí atúnrédíòṣe tàn án fún wákàtí kan níṣojú yín kí ẹ tó sanwó, kí ó sì kó pààtì àtijọ́ fún yín.