Ẹ Pa Ọkọ̀ Ná Kí Ẹ Tó Béèrè Oògùn

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, dẹ̀rẹ́bà tírélà mẹ́ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí ọkọ̀ wọn ṣì ń kùn létí títì. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn di òpó ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, "Anti nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi po oògùn ibà, kó le dáadáa o. Mo gbọ́dọ̀ dé Jẹ́bà kílẹ̀ tó mọ́."

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Apòògùn ni mí. Ọdún 5 ni mo fi kọ́ ọ ní yunifásítì, mo tún fi odindi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá nílé ìwòsàn kí wọ́n tó fún mi níwèé àṣẹ. Mi ò sọ èyí láti fi gbéra ga. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí gáréèjì tírélà Ògèrè, tábìlì olóògùn tí mò ń kọjá láràárọ̀ sì ju mẹ́fà lọ. Gbogbo wọn ló ń po oògùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ fún yín ohun tí hóró kékeré inú ọ̀rá yẹn ń ṣe nínú ọpọlọ ẹni tó di sítíárì mú.

Hóró kékeré yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ tú ọ̀rá oògùn ibà tí wọ́n ń dì létí títì, ẹ ó bá Piriton, oògùn ara yíyún, níbẹ̀. Láyé ìgbà tí chloroquine ń mú kí ara máa yún àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń fi í sí i. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti yí oògùn ibà padà kúrò lórí chloroquine, ṣùgbọ́n Piriton kò kúrò nínú ọ̀rá. Èròjà kan wà nínú ara wa tó ń jẹ́ histamine. Òun ló ń mú kí ara yún wa, kí imú wa máa ṣomi. Nínú ọpọlọ, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú wa là. Bí Piriton ṣe ń dí i lọ́wọ́ lára náà ló ń wọnú ọpọlọ lọ dí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni oorun ti ń wá. Kì í sì í ṣe oorun tí ẹ ó rí bó ṣe ń bọ̀, kí ẹ wá fi obì lé e. Ojú yín á wà ní ṣíṣí, ọkàn yín á ti lọ.

Ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí ẹ bá to tírélà mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, bí ibi tí ọkọ̀ máa rìn dé nìyẹn kó tó di pé ẹ ta jí, láìsí ẹni tó ń wà á.

Piriton nìkan kọ́. Phenergan tí wọ́n ń fún yín nítorí èébì, Valium tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kára balẹ̀, ọ̀pọ̀ oògùn ikọ́ olómi àti oògùn ọ̀fìnkìn, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn tó bá di ọ̀rọ̀ oorun. Èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fa oorun wà fún ara yíyún, loratadine ni wọ́n ń pè é, mo sì ń tà á. Ẹ sáà ti sọ fún mi pé awakọ̀ ni yín. Ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún yín tí kò béèrè iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní oorun kì í kun àwọn, tramadol làwọn ń lò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Oògùn ìrora ni tramadol, kì í lé àárẹ̀ lọ. Ó ń pa ara yín lẹ́nu mọ́ ni, kó má lè sọ pé ó ti rẹ òun. Bó bá pọ̀ lára, ó lè fa gìrì, ó sì lè mú kí èémí lọ sílẹ̀ títí á fi dá. Ẹ ó wá fi páràga lé e. Ọtí ni páràga, ẹ má jẹ́ kí egbòogi inú ìgò tàn yín jẹ. Bí gìrì bá wá gbé ẹni náà, wọ́n á ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á máa da àdín sí i lórí, wọ́n á ní wọ́n ta á lọ́fà. Ọfà wo? Ẹni tó ta hóró 10 fún un ní gáréèjì ń bẹ níbẹ̀, ó ń ka owó. Ẹ dá ẹni tí gìrì ń gbé dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu.

Bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yín lójú ọ̀nà, bí òtútù bá mú yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ gbàgbé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ kúrò lójú títì pátápátá, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ti wẹ́ẹ̀jì sí táyà, ẹ gbé síkọ́ṣọ̀n jìnnà sẹ́yìn. Ẹ má gbé sítíárì fún mọ́tò-bọ́ì tí kò ní láísẹ́ǹsì. Ẹ pe ẹni tó ni ọkọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ ò lè lọ mọ́. Bó bá bú yín, ẹ jẹ́ kó bú yín. Bó bá le, ẹ pe 122, nọ́ńbà FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112. Àyà tó ń dunni bí ẹni gbé òkúta lé e, ẹnu tó wọ́, apá kan tó kọ̀ tí kò gbé, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mi ni ẹ ó gbé ìyẹn wá o, ilé ìwòsàn ńlá ni, lójú ẹsẹ̀. Alátọ̀gbẹ tó lo oògùn láìjẹun, tó wá ń làágùn tó ń gbọ̀n, ẹ fún un ní ṣúgà bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Ẹ má sì kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru síwájú ọkọ̀ níbi tí oòrùn á ti máa sè é.

Ọkùnrin tó fẹ́ dé Jẹ́bà yẹn bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó lọ pa ọkọ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni mo gbà lórí ìka rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ibà ni lóòótọ́. Ó ní kí n gún òun lábẹ́rẹ́ kan kí ó tán síbẹ̀. Mo ní rárá. Ìgbà 6 ló máa lo oògùn ibà oníhóró tí mo fún un láàárín ọjọ́ 3, èkejì lẹ́yìn wákàtí 8 tó lo àkọ́kọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó lépo. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló sùn. Ọjọ́ kẹta ló kọjá lọ, ó fọn fèrè sí mi.

Ẹnìkan wà tí kò fọn fèrè. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni, ìgbà ọyẹ́. Ó fẹ́ kí n po oògùn fún òun, kí n fi Valium sí i. Mo kọ̀, mo ní kó jẹ́ kí n ṣe àyẹ̀wò. Ó ní owó òun ni mo fẹ́ jẹ. Mò ń wò ó bó ṣe sọdá lọ sídìí tábìlì òdìkejì. Àwọn oníbàárà dúró dè mí, mi ò tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ kẹta, mọ́tò-bọ́ì rẹ̀ padà wá, báńdéèjì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn Ìbàdàn, lọ́nà Ọ̀yọ́, ni ọkọ̀ náà ti yà wọ igbó. Ó ní ọ̀gá òun kò tẹ bíréèkì rárá, kò tilẹ̀ ké. Ọ̀rá oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kù fún ìgbà kan. Ó dà á sórí káńtà mi: Piriton méjì, Valium kan, tramadol kan, paracetamol méjì.

Ó ní, "Anti, àwọn ẹbí ọ̀gá mi ń sọ pé ìyáálé ló ṣe é. Wọ́n ti lé obìnrin náà jáde nílé. Ẹ bá mi kọ orúkọ àwọn nǹkan yìí sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí awakọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi lé e.