Data logger fún ooru ilẹ̀: èwo lẹ fẹ́ rì mọ́lẹ̀ l'Ékòó?

Data logger ò le láti yé èèyàn rárá. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, ó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó, ó ní aago nínú, ó ní mẹ́mọ́rì, ó ní bátìrì tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ní kó máa wo ilẹ̀ ní wákàtí wákàtí, á máa wò ó, á máa kọ iye tó rí àti àsìkò tó rí i sílẹ̀, iná wà o, iná ò sí o, ẹ wà nílé o, ẹ ti lọ Ìjẹ̀bú lọ ṣọdún o. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé lẹ máa tú gbogbo ẹ̀ sórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù. Ibi tí wàhálà wà ni yíyàn. Ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, oríṣiríṣi ló máa yọ, ti ẹja inú fúrísà, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti ilé ìkẹ́rùsí, data logger ni gbogbo wọn ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ò lè la òjò oṣù kẹfà kan ṣoṣo já nínú ilẹ̀ Lẹ́kí.

Ta ló tiẹ̀ fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó? Wọ́n pọ̀ o. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe project ní Unilag l'Akọkà, ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ tó fẹ́ mọ ìdí tí irúgbìn ò fi hù lóòrùn oṣù kejì, ẹni tó ń bá lánlọ́ọ̀dù jiyàn pé íńtálọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ́ kún kọ́ńpáùn ló ń mú ilé gbóná. Èyí tó wúlò jù lójú tèmi ni tàwọn tó ń ri wáyà iná mọ́lẹ̀. IEC 60364, ìyẹn ìwé ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ iná tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń tẹ̀ lé, ilẹ̀ tó wà ní dígírì 20 ló fi ṣírò iye iná tí wáyà inú ilẹ̀ lè gbé, ilẹ̀ Èkó sì kọ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tiwa gan-an, tẹ́ ẹ bá da gbogbo ọdún pọ̀ kẹ́ ẹ pín in dọ́gba, nǹkan bíi 27 ló wà, ilẹ̀ ò sì sábà tutù jùyẹn lọ. Tí ilẹ̀ bá lọ wọ 30, tábìlì inú ìwé kan náà ní wáyà tí wọ́n fi rọ́bà PVC bò tó yẹ kó gbé ampere 100, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó gbé ju 89 lọ, èyí tí wọ́n fi XLPE, oríṣi rọ́bà mìíì, bò ló sàn díẹ̀, 93. Ẹni tó bá mọ iye tí ilẹ̀ tiẹ̀ wà lóòótọ́, kò ní máa méfò.

Ẹ má tíì béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ kọ́kọ́ pinnu bí sẹ́ńsọ̀ ṣe máa jìn tó nínú ilẹ̀, torí ìyẹn ló máa yan gbogbo ìyókù fún yín, mẹ́mọ́rì o, bátìrì o, irú sẹ́ńsọ̀ o. WMO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, sẹ̀ǹtímítà 5, 10, 20, 50 àti 100 ló ní kí wọ́n máa wọn ooru ilẹ̀ sí, tẹ́ ẹ ò bá nídìí pàtàkì láti yàtọ̀, ẹ mú nínú wọn, kí nọ́ńbà yín lè ṣeé fi wé ti ẹlòmíì.

Ooru kì í sáré nínú ilẹ̀. Yanrìn tí ò sí koríko lórí ẹ̀ lè gbóná kọjá dígírì 50 lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ lásán rìn létíkun lágogo méjì ọ̀sán mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wọlẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12, nínú ilẹ̀ tó ní omi díẹ̀, ohun tó kù nínú lílọ sókè sódò ooru ọ̀sán àti òru ò ju bíi 37 nínú 100 lọ, ó sì pẹ́ kó tó débẹ̀: tí ojú ilẹ̀ bá gbóná dópin lágogo kan ọ̀sán, ó dìgbà tó bá ń lọ sí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí ibẹ̀ yẹn tó gbóná dópin tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé 50, nǹkan bíi 2 nínú 100 ló ṣẹ́ kù. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ká ní ojú ilẹ̀ ń lọ láti 25 lóru dé 45 lọ́sàn-án, dígírì 20 nìyẹn, ní sẹ̀ǹtímítà 50 kò ní ju nǹkan bíi 0.4 lọ. Ní mítà kan ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ o tàbí ilẹ̀ ṣú, ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oṣù sí oṣù, bí oṣù kẹta ṣe mú un gbóná tí oṣù kẹjọ sì mú un rọlẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe rí náà wà ńbẹ̀ o, yanrìn gbígbẹ kì í gbé ooru wọlé bíi yanrìn tó mumi, torí náà kọ́ńpáùn kan náà lè fún yín ní àwòrán tó yàtọ̀ lásìkò ọyẹ́ àti lásìkò òjò.

Ẹ wá rí i pé ẹni tó fẹ́ wo sẹ̀ǹtímítà 5 àtẹni tó fẹ́ wo mítà kan, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wá. Ní 5, kùrukùru kàn máa bo oòrùn díẹ̀ ni, iye ti fẹ́ yí, ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 ló yẹ kó máa kà á. Ìṣẹ́jú 15 á fún yín ní 96 lójúmọ́, 35,040 lọ́dún. Ní mítà kan, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí ti pọ̀ jù, 8,760 lọ́dún nìyẹn, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà gan-an tó. Àwọn kan á ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni tàwọn, 525,600 lọ́dún, kí lẹ fẹ́ fi ṣe jàre, bátìrì lẹ̀ ń jẹ lásán. Ẹ mú DS1922L wò, data logger kékeré kan tí wọ́n ń pè ní iButton, tó rí roboto bí bọ́tìnnì: tẹ́ ẹ bá ní kó máa ka ooru ní ìdajì dígírì, 0.5 0.5, mẹ́mọ́rì ẹ̀ lè gba iye 8,192, tẹ́ ẹ bá fẹ́ 0.0625, ó di 4,096, ìyẹn ní wákàtí wákàtí ò pé ọdún, nǹkan bí oṣù márùn-ún ààbọ̀ péré ni. Ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá tí mẹ́mọ́rì bá kún, ṣé ó máa dúró ni àbí á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Fún iṣẹ́ ilẹ̀, èyí tó ń dúró ni mo fara mọ́, torí àtiwú u jáde lè pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹ̀rí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ò sì gbọdọ̀ sọnù.

Ti sẹ́ńsọ̀, ẹ ò nílò ká pẹ́ níbẹ̀. Thermocouple, ìyẹn wáyà irin oríṣi méjì tí wọ́n so pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn oníléru: type K tó jẹ́ oríṣi kan nínú ẹ̀ lè fi dígírì 2.2 ṣì í, ooru tó wà nídìí lọ́gà (data logger náà) fúnra ẹ̀ sì tún máa ń dá sí ọ̀rọ̀ náà torí ìyàtọ̀ láàárín orí méjèèjì wáyà ló ń wọ̀n. Pt100, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n fi platinum ṣe, dáa gan-an, kì í tètè yí padà bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, àmọ́ owó ni. Thermistor, sẹ́ńsọ̀ kékeré tí bó ṣe ń dí iná lọ́nà máa ń yí bí ooru bá yí, ló wà nínú ọ̀pọ̀ lọ́gà kéékèèké, ó sì tó fún ilẹ̀ wa. Àwọn tó fẹ́ tò ó fúnra wọn máa ń ra sẹ́ńsọ̀ kan tó ń jẹ́ DS18B20, ó ń ka 0.0625, wọ́n ní kò ní fi ju 0.5 ṣì láti -10 dé 85, ẹ lè so púpọ̀ mọ́ wáyà kan torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, ṣùgbọ́n ayédèrú ẹ̀ kún ìgboro, tí iye ẹ̀ bá ti já sílẹ̀ jù ní Computer Village n'Íkẹjà kẹ́ ẹ fura.

Nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa ń fi tan oníbàárà ni resolution àti accuracy. Resolution ni bí nọ́ńbà ṣe ń rìn kéékèèké tó, 0.1, 0.01. Accuracy ni bó ṣe súnmọ́ òótọ́ tó. Kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ ka ẹ̀wà inú ẹ̀ ní hóró hóró, ẹ̀wà yẹn ò pé náà ni. Bọ́rọ̀ lọ́gà tó ń kọ 28.47 ṣe rí nìyẹn nígbà tó jẹ́ pé 27.5 ni ilẹ̀ wà. Síbẹ̀ resolution náà níbi tó ti ń jà: ní sẹ̀ǹtímítà 50 tí ọ̀sán àti òru ò ju 0.4 síra wọn, lọ́gà tó ń ka 0.5 0.5 ò ní rí nǹkan kan, á kàn fa ìlà gbọọrọ fún yín ni.

Ẹ lè dán accuracy wò nínú ilé. Ẹ gbé píọ̀ wọ́tà tó ti dì jáde, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú fúláàsì, ẹ bu omi tútù díẹ̀ sí i títí á fi dà bí ọ̀gì, ẹ rò ó pọ̀, ẹ ki sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ fún un ní àsìkò. Bí yìnyín àti omi bá ṣì jọ wà pa pọ̀, dígírì 0 ni ibẹ̀. Tó bá kọ 0.4, ẹ ti mọ iye tó fi ń purọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ wa jìnnà sí 0, torí náà tẹ́ ẹ bá ra ju ẹyọ kan lọ, ẹ kó gbogbo wọn sínú ike omi kan náà di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wo ẹni tó yàtọ̀ láàárín wọn.

Omi ni ọ̀tá gangan. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Lẹ́kí àti Victoria Island tó jẹ́ pé yanrìn ni wọ́n fi dí i, ẹ ò ní gbẹ́ ẹ jìnnà lásìkò òjò tí omi á ti sun, lọ́gà yín á wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ gbáko. IP67 tí wọ́n ń kọ sára páálí, ohun tó ń sọ ni pé eruku ò lè wọ̀ ọ́, pé ó lè wà nínú omi tí ò jìn ju mítà kan lọ fún ìṣẹ́jú 30. Ìṣẹ́jú o, wọn ò sọ oṣù. IP68 ló yẹ kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ nípa bó ṣe máa jìn tó àti bó ṣe máa pẹ́ tó, torí àwọn ló ń fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. iButton yẹn, bó ṣe jẹ́ irin yẹn, IP56 ni, kò tiẹ̀ tó IP67, ara ẹ̀ máa ń tan àwọn èèyàn. Lápá ọ̀sà àti òkun, omi inú ilẹ̀ tún lè níyọ̀, irin tí kì í ṣe ojúlówó stainless á dógùn-ún, ibi tí wọ́n ti so wáyà mọ́ra á kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ fi épóksì bò ó, téèpù ò tó. Lápá Agége àti Mushin tí ilẹ̀ pupa wà, ikán àti eku ló lè bá yín fa wáyà, ẹ ki wáyà sínú páìpù rọ́bà.

Bátìrì: lítíọ́mù ni, ẹ má fi alkaline tó máa ń tú omi sínú ẹ̀rọ síbẹ̀.

Àwọn tó ń lo Bluetooth bíi HOBO ti ilé iṣẹ́ Onset ní Amẹ́ríkà rọrùn púpọ̀, fóònù lẹ máa fi gbà á, àmọ́ ilẹ̀ tútù máa ń gbé Bluetooth mì, tẹ́ ẹ bá rì í tòun ti àpótí ẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ dúró lórí ẹ̀ gan-an kí fóònù má rí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gbà á láìhúlẹ̀, ẹ ra èyí tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ wà lẹ́nu wáyà, sẹ́ńsọ̀ á wà nísàlẹ̀, àpótí á wà lókè nínú ibòji. Èyí tó wà lókè náà ní ìṣòro tiẹ̀ ṣá, àwọn tó ń ṣa irin kiri àdúgbò ò ní bi yín bóyá ti project ni, wáyà bàbà ni wọ́n rí. Tí kò bá sí ọgbà tó gbámúṣé, ẹ rì gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ gbà pé ìgbà tẹ́ ẹ bá hú u lẹ máa rí data.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rì í, ẹ má kàn jù ú sísàlẹ̀ kòtò. Ẹ gbẹ́ kòtò tán, ẹ ki sẹ́ńsọ̀ wọ ara ògiri kòtò níbi tí ọkọ́ ò tíì dà rú, ní ìbú, kẹ́ ẹ tó dá iyẹ̀pẹ̀ padà bẹ́ ẹ ṣe kó o jáde kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, torí àyè afẹ́fẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó láti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Wáyà náà, ẹ jẹ́ kó rìn nílẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò á tọ wáyà lọ bá sẹ́ńsọ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi téèpù wọn ọ̀nà láti igun ọgbà méjì, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù àti sínú ìwé, torí lẹ́yìn òjò oṣù méjì koríko á ti bo ojú ibẹ̀, ọkọ́ yín sì lè gé wáyà kó tó rí lọ́gà.