Ohùn Tó Ń Dé Lẹ́yìn Àwòrán: Ẹ Má Dá Wáyà Lẹ́bi

Ẹjọ́ kan náà ni àwọn oníbàárà ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà gbogbo, pàápàá bí ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá bá ti ń sún mọ́lé. Wọ́n ti ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, wọ́n ti gbé ańpilifáyà sí yàrá mìíràn tàbí sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọ́n fi Bluetooth so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì wá ń bínú pé ẹnu akéde ìròyìn ti pa dé kí gbólóhùn tó parí. Ẹni tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù á ní bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n, àwọn oníbàárà òun ti fò dìde, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ké “góòlù”. Bí mo bá béèrè ẹni tó gbà wọ́n nímọ̀ràn Bluetooth, ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀: ẹni tó ta ọjà fún wọn ni, ó ní ayé ti kúrò ní ayé wáyà.

Tẹlifíṣọ̀n kì í fi ohùn ránṣẹ́ lórí Bluetooth bó ṣe wà. Ó ní láti kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́, kó fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gbà á lódìkejì yóò kó díẹ̀ pamọ́ ná kí ohùn má baà máa já, yóò tú èyí tí wọ́n fún pọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé e fún ańpilifáyà. Lórí SBC, tí í ṣe ìlànà tí gbogbo ẹ̀rọ Bluetooth olórin gbọ́, ètò yìí sábà máa ń gba bíi mílísẹ́kọ́ńdì 150 sí 250 (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan), ìyẹn ni pé ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òótọ́ ni pé aptX Low Latency, ìlànà mìíràn tó yára jù ú lọ, lè mú un wá sí nǹkan bí 40, ṣùgbọ́n àfi kí ó wà lára tẹlifíṣọ̀n kó sì wà lára ẹ̀rọ tó ń gbà á pẹ̀lú. Bí ọ̀kan kò bá ní in, SBC náà ni wọn yóò padà sí láìsọ fún yín, owó tí ẹ san lé e ti wọgbó.

Àjọ ITU, tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ti kọ òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti ọdún 1998 nínú ìwé ìlànà BT.1359. Èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura bí ohùn bá fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 125 kẹ́yìn àwòrán, ṣùgbọ́n bí ohùn bá ṣíwájú àwòrán, 45 péré ti tó láti fura. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí láti kékeré la ti ń rí mànàmáná ká tó gbọ́ àrá, kò sì sẹ́ni tó tí ì gbọ́ kí igi wó kó tó rí i tó ń wó. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Èyí tó ń mú inú bí mi jù ni àwọn tó ń ta wáyà tí wọ́n pa wúrà sí lẹ́nu fún àwọn oníbàárà mi, tí wọ́n ń sọ pé ohùn ń “yára” nínú rẹ̀. Ohùn tó bá ti wọ inú wáyà bàbà kì í ṣe ohùn mọ́, iná ni, iná kò sì nílò ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kó tó rin mítà 30 já. Inú afẹ́fẹ́ ni ohùn ti ń falẹ̀, níbi tó ti ń lo nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́ta lórí mítà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jókòó sí mítà mẹ́wàá sí sípíkà ti fi 30 kún ìdádúró rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Nítorí náà, bí ańpilifáyà bá tiẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, jíjìnnà rẹ̀ kọ́ ló fa ìdádúró. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn lọ́nà ló fà á.

Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Kí àwòrán tó hàn sójú gíláàsì rẹ̀, ó ti fẹ̀ ẹ́, ó ti dán an, ó ti kun àwọ̀ sí i, gbogbo èyí sì ń gba àkókò, nítorí náà ó máa ń dá ohùn tirẹ̀ dúró kí méjèèjì lè jọ jáde. Àwọn tó gbà pé àwọn gbọ́n máa ń fa ohùn láti ẹ̀yìn díkódà tààrà lọ sínú ańpilifáyà. Ohùn náà kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó sì ń dé ṣáájú àwòrán, èyí tí mo sọ pé etí kì í gbà. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ ti mú un. Bí ańpilifáyà bá ní HDMI ARC, ìyẹn ojú HDMI tó lè gba ohùn láti ara tẹlifíṣọ̀n, tó ti wà láti ìgbà HDMI 1.4 lọ́dún 2009, tí kò sì jìnnà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bí kò bá ní in, ẹ lo ojú optical, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn jáde, pẹ̀lú àpótí kékeré tó ń sọ ọ́ di irú ohùn tí ańpilifáyà lásán lè gbà, kí ẹ sì wọ inú ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n láti yí i sí PCM, ìyẹn ohùn oní-nọ́ńbà tí wọn kò fún pọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sórí Dolby, tí í ṣe ìlànà tó ń fún ohùn pọ̀, àpótí olówó pọ́ọ́kú kì í gbọ́ èdè náà, kò ní fọhùn rárá, ẹ óò sì tún gbé e wá bá mi pé ó ti bàjẹ́.

Wáyà optical fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀nà jínjìn. Mi ò jẹ́ fa onírọ́bà kọjá nǹkan bíi mítà mẹ́wàá. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀, kì í ṣe iná. Mo ti bá ọ̀kan nínú ilé kan tí oníṣẹ́ fi púláyà gé sí méjì kó lè gba ihò ògiri kọjá, tó wá lọ́ orí méjèèjì mọ́ra bíi wáyà gílóòbù, tó sì fi téèpù dúdú wé e dáadáa. Iṣẹ́ téèpù náà mọ́ tónítóní.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti ń hàn ni láti ìdí tẹlifíṣọ̀n dé ìdí ańpilifáyà tó jìnnà. Ẹ má ṣe fa wáyà RCA tẹ́ẹ́rẹ́ (èyí tó ní ẹnu pupa àti funfun) fún mítà 20, nítorí gbogbo iná tó bá kọjá lára ògiri ni yóò máa kùn wọ inú rẹ̀. Ẹ fi DI box, àpótí kékeré tó ń sọ ohùn di irú èyí tí wáyà máìkì ń gbé, sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì fa wáyà máìkì tó ní ẹnu XLR láti ibẹ̀. Nínú wáyà yìí, okùn méjì ló ń gbé ohùn kan náà, ọ̀kan dorí kodò sí èkejì. Ariwo tó bá bọ́ sí wọn lọ́nà á bọ́ sí méjèèjì bákan náà, nígbà tí ańpilifáyà bá sì yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ariwo á pa ara rẹ̀, ohùn á sì kù. Irú wáyà yìí la ń fà láti orí ìtàgé dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ní gbogbo òde ńlá, mítà 50 kò tó nǹkan kan lójú rẹ̀, kò sì fi ìdádúró kankan kún un.

Bí ẹ bá so ó tán, ẹ pa sípíkà inú tẹlifíṣọ̀n, kí ohùn má baà máa di méjì. Orí àga tí ẹ ń jókòó sí ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ sípíkà. Ẹ wo ètè ẹni tó ń ka ìròyìn níbi tó bá ti pe “b” tàbí “m”, nítorí ètè gbọ́dọ̀ pàdé kí ohùn méjèèjì tó jáde, kí ẹ wá fi ètò AV sync, tó ń mú ohùn àti àwòrán bára mu, ṣe àtúnṣe díẹ̀díẹ̀.

Bí ańpilifáyà bá wá ń kùn “hùùù”, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fa ìkùnsínú náà ni pé okùn díìṣì orí òrùlé ti fọwọ́ kan ilẹ̀ lápá kan, ẹ́ẹ̀tì ańpilifáyà sì fọwọ́ kàn án lápá kejì, iná wá ń yípo láàárín wọn gba inú wáyà ohùn. Oògùn rẹ̀ ni tiransifọ́mà kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìjẹ́ kí iná tó ń yípo yẹn kọjá, tí a máa ń fi sójú ọ̀nà wáyà ohùn. Àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ kì í rà á. Wáyà ẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò inú púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń gé, ariwo á sì dákẹ́ lóòótọ́, wọ́n á gbowó, wọ́n á lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí iná bá jò sára irin ańpilifáyà náà, kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà wọlẹ̀ ju ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Ilé kan wà tí ìyá onílé ti kúrò nídìí abọ́ tó ń fọ̀, tó na ọwọ́ tútù láti dín ohùn kù lábẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n gbé ańpilifáyà sí. Iná gbé e, ó gbá a mọ́ ògiri. Sílípáàsì rọ́bà tó wọ̀ ló gbà á sílẹ̀. Nígbà tí mo tú púlọ́ọ̀gì náà, wọ́n ti gé wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ìdí pátápátá. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo fi tiransifọ́mà sójú ọ̀nà ohùn, ìkùnsínú náà kò sì padà wá mọ́. Owó iṣẹ́ tí ẹni tó gé wáyà náà gbà lọ́wọ́ wọn ju owó tí mo ra tiransifọ́mà lọ.