Kin selection: ìdí tí oyin tí kò bímọ fi ń kú nítorí ẹbí rẹ̀

Ẹni tí oyin bá ta nínú oko kòkó ní ìhà Ìdànrè kì í ráyè ro ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, eré ló ń sá. Àmọ́ ayé oyin tó ta á náà ti tán. Abẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí oyin ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ lára. Tó bá ti wọ awọ èèyàn, kò ní í yọ mọ́. Bí oyin bá ṣe ń jà láti fò lọ, àpò oró rẹ̀ àti díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀ á já sílẹ̀, àpò náà á sì máa da oró sí èèyàn lára nìṣó. (Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ tètè fi èékánná ha á dànù, ẹ má dúró de ẹni tó máa bá yín wò ó.) Ojú ẹsẹ̀ náà ni òórùn kan á ti jáde, òórùn tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tó ń pe àwọn oyin yòókù wá síbi tí ọ̀tá wà. Èéfín tí àwọn tó ń kó oyin máa ń fẹ́ sí ilé oyin ń bo òórùn yìí mọ́lẹ̀.

Oyin tó ń tani yìí, abo ni, òṣìṣẹ́ ni, kò sì bímọ rí. Ayaba ló ń yé ẹyin nínú ilé oyin. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àdììtú nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ọmọ bíbí ni ìwà fi ń ti ara ìran kan bọ́ sí ara ìran mìíràn, báwo ni ìwà kí n kú kí ilé má bàa tú ṣe wá wà lára ẹ̀dá tí kò bí ọmọ kankan? Charles Darwin fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 1859 pé kòkòrò aláìbímọ jẹ́ ìṣòro ńlá fún àlàyé tòun lórí bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ó fura pé inú ẹbí ni ìdáhùn wà, àmọ́ kò tíì mọ jíìnì (ohun inú ara tó ń gbé ìwà òbí lọ sára ọmọ) nígbà náà, kò sì rí ohun tó lè fi ṣírò rẹ̀.

Ìdáhùn náà là ń pè ní kin selection. Jíìnì tó wà lára mi wà lára àwọn ẹbí mi pẹ̀lú. Bí mo bá bímọ, jíìnì náà ń tàn kálẹ̀. Bí mi ò bá sì bí, tí mo ran ẹbí mi lọ́wọ́ tí wọ́n fi bí púpọ̀ sí i, ó ń tàn kálẹ̀ náà nìyẹn. John Maynard Smith, onímọ̀ bayọ́lọ́jì, ló fún un lórúkọ ní 1964, ṣùgbọ́n William Hamilton, onímọ̀ bayọ́lọ́jì bíi tirẹ̀, ló jókòó ti ìṣirò rẹ̀.

Cairo, ní Íjíbítì, ni wọ́n bí Hamilton sí ní 1936, àwọn òbí rẹ̀ wá láti New Zealand. Lẹ́yìn tó jáde ní Cambridge, ó lọ ṣèwádìí ní London, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín yunifásítì méjì. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tí ọmọkùnrin yìí ń wá nínú ọ̀rọ̀ jíìnì àti ìrànlọ́wọ́. Kò ní ẹlẹgbẹ́ tó lè bá jíròrò. Òun náà sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé nígbà mìíràn òun á lọ jókòó sí ibùdókọ̀ rélùwéè Waterloo kí òun ṣáà lè wà láàárín èèyàn. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ alápá méjì jáde ní 1964, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á dáadáa. Ní 1993 ni ẹ̀bùn Crafoord àti ẹ̀bùn Kyoto tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2000 ó lọ sí Kóńgò láti wádìí èrò kan nípa orísun HIV, èrò tí ìwádìí kò padà gbè lẹ́yìn. Ó dé pẹ̀lú ibà, ó sì kú ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta ọdún náà. Ẹni tó bá rò pé inú ọ́fíìsì ni iṣẹ́ yìí ń parí sí, ẹ wo ti Hamilton.

Ìṣirò náà kò gùn: r × B gbọ́dọ̀ ju C lọ. C ni ohun tí olùrànlọ́wọ́ pàdánù. B ni èrè tí ẹni tó ràn lọ́wọ́ rí. r ni bí wọ́n ṣe tan mọ́ra tó. A máa ń ya ọmọ ìyá kan bàbá kan sọ́tọ̀ sí ọbàkan àti iyèkan nínú agboolé wa, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni r ń kà. Ọmọ tí mo bí jẹ́ ìdajì sí mi. Ọmọ ìyá mi tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà jẹ́ ìdajì. Ọbàkan tàbí iyèkan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọ àbúrò bàbá mi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé J. B. S. Haldane, tó ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú Hamilton, fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé òun á kú nítorí ọmọ ìyá òun méjì, tàbí nítorí ọmọ àbúrò bàbá òun mẹ́jọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ó pé.

Kò sí oyin tó ń ṣírò o. Ohun tí ìlànà yìí ń sọ ni irú jíìnì tó máa kù nílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi í túmọ̀ ìjà ogún nínú ilé kan l'Ákùúrẹ́ ti gbé e kọjá àyè rẹ̀, lójú tèmi.

Ti oyin wá ní tirẹ̀ nínú. Ẹyin tí àtọ̀ kàn ló ń di abo, èyí tí àtọ̀ kò kàn ló ń di akọ. Nítorí náà akọ oyin kò ní bàbá, àmọ́ ó ní bàbá àgbà! Kúrómósómù (okùn tín-ín-rín tí jíìnì wà lára rẹ̀) 16 ló ní, ti abo jẹ́ 32. Torí pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni akọ ní, gbogbo àtọ̀ rẹ̀ bára mu, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń gba ohun kan náà gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n jọ ní ìyá àti bàbá kan náà wá tan mọ́ra dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ju bí wọ́n ṣe máa tan mọ́ ọmọ tiwọn lọ. Ó dùn mọ́ni, ọ̀pọ̀ sì rò pé ẹjọ́ ti tán níbẹ̀.

Kò tán. Ayaba oyin kì í fẹ́ akọ kan. Bíi mẹ́wàá sí ogún ló ń gùn ún lójú òfurufú, kálukú wọn á sì kú. Iyèkan wá ló pọ̀ jù nínú ilé oyin. Ìyẹn sì tú àṣírí ìwà kan tó burú létí. Òṣìṣẹ́ lè yé ẹyin tó máa di akọ, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rí ẹyin náà, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Àwọn olùwádìí méjì, Ratnieks àti Visscher, fi èyí hàn ní 1989. Ọmọkùnrin tí ayaba bí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin sí òṣìṣẹ́, ọmọkùnrin tí iyèkan rẹ̀ bí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ó sàn kí wọ́n tọ́ ti ìyá wọn.

Ikán náà tún wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọba àti ayaba jọ ń gbé inú ọ̀gán, takọtabo ló ń ṣiṣẹ́, kúrómósómù wọn kò sì rí bíi ti oyin. Síbẹ̀ wọ́n ń sin ìyá wọn. Torí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọ́ ni gbogbo àlàyé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 lórí oyin, agbọ́n àti èèrà fi hàn pé níbi tí irú ìgbé ayé yìí ti ṣẹ̀ wá, abo kan, akọ kan ni. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ ti di òṣìṣẹ́ pátápátá ni àwọn ayaba kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba akọ púpọ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Nowak, Tarnita àti E. O. Wilson, kọ ọ́ pé kin selection kò wúlò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó lé ní 130 fọwọ́ sí èsì tó ta kò wọ́n ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èmi ò rò pé Wilson borí, àmọ́ ìjà náà mú kí wọ́n tún ìṣirò náà yẹ̀ wò dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ bayọ́lọ́jì ní FUTA tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí kò ní láti lọ jìnnà kó tó rí oyin: irú tó wà ní ìgbẹ́ wa, Apis mellifera adansonii, wà nínú ihò igi àti pàlàpálá àpáta. Ohun tó máa gbà á lákòókò ni ìṣirò àti kọ̀ǹpútà, nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kì í ṣe lóko. Èèyàn á ká ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kan, á jù ú sínú ìgò kékeré tí ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù wà, á yọ DNA rẹ̀ (èròjà tí jíìnì wà nínú rẹ̀), á tún ṣe ti òmíràn. Tí wọ́n bá ti pọ̀ tó, yóò yọ ohun tó jẹ́ ti ìyá kúrò nínú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iye oríṣi tó bá ṣẹ́ kù ló máa fi mọ iye akọ tó gun ayaba náà.