Kọ̀ǹpútà mi yadi lẹ́yìn tí mo gbé Linux sí i: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Àwọn kan ní Ìbàdàn, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn ti dàgbà ju èyí tí Windows 11 lè gbà lọ, wá gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sí i dípò kí wọ́n ra òmíràn. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé Agbowó, ó ti ní àfikún tó ń da àwọn òǹkàwé láàmú: wọ́n ní Linux kì í dún.

Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni.

Kí ló wá dé tí tèmi kò dún?

Ohùn máa ń gba ọwọ́ ju ẹyọ kan lọ kó tó dé sípíkà, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì dì í mú, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní ALSA wà. Òun ló mọ káàdì ohùn tó wà nínú kọ̀ǹpútà, inú Linux fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé láti ìgbà tí ẹ̀dà 2.6 ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Ẹnìkejì wà lókè rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti alága ìdúró níbi ìdána: òun ló ń pinnu ohùn ta ni a ó gbọ́, ibi tí yóò ti jáde, àti bí yóò ṣe ròkè tó, kí orin àti ìpè fídíò má baà máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Alága yìí ni wọ́n ti pààrọ̀. PulseAudio ló wà nípò náà lórí Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, láti ọdún 2008, àmọ́ láti ìgbà tí Ubuntu 22.10 ti jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, PipeWire, tí Wim Taymans ti ilé-iṣẹ́ Red Hat dá sílẹ̀, ló gba ipò náà; Linux Mint 22, oríṣi mìíràn, tẹ̀ lé e ní ọdún 2024. Mo fa ìtàn yìí gùn nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti máa ń kọsẹ̀: ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ẹ ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ fún alága àná, alága àná kò sì sí nílé mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó wà lórí tèmi?

Ẹ ṣí Terminal, ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ `pactl info`, ẹ tẹ Enter, kí ẹ sì wo ìlà Server Name. Bí ó bá kọ "PulseAudio (on PipeWire", tí nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e, PipeWire ni, ó kàn ń jẹ́ orúkọ PulseAudio tí òun gba ipò rẹ̀ kí àwọn sọ́fítíwíà àtijọ́ má baà bá a ṣàjèjì ni.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Sound, kí ẹ sì wo Output. Bí ẹ bá fi wáyà HDMI so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo ohùn yín ń lọ, tí ẹnì kan sì ti pa ohùn tẹlifíṣọ̀n náà.

Bí ibẹ̀ bá tọ́, ẹ kọ `alsamixer` sínú Terminal, ẹ tẹ F6 láti mú káàdì yín, kí ẹ wá wo ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. MM túmọ̀ sí pé wọ́n ti dì í lẹ́nu, OO sì túmọ̀ sí pé ó ṣí. Lẹ́tà M ni ẹ ó tẹ̀ láti tú u sílẹ̀. Ẹ má wo Master nìkan, nítorí ó lè ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí Speaker tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní MM. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ `speaker-test -t wav -c 2`: ohùn obìnrin kan yóò máa dárúkọ sípíkà òsì àti ọ̀tún lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní sinmi títí ẹ ó fi tẹ Ctrl àti C pọ̀.

"Dummy Output" nìkan ni mo rí.

Ó túmọ̀ sí pé PipeWire kò rí káàdì kankan. Ẹ kọ `aplay -l`. Bí káàdì yín bá hàn níbẹ̀, òkè, lọ́dọ̀ alága, ni ìṣòro wà: ẹ kọ `systemctl --user restart wireplumber pipewire pipewire-pulse`, láìfi sudo, ọ̀rọ̀ tó ń fún àṣẹ ní agbára alákòóso kọ̀ǹpútà, ṣáájú. Bí kò bá hàn rárá, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká Intel ti ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó lè jẹ́ pé sọ́fítíwíà kékeré tí ẹ̀rọ ohùn náà fúnra rẹ̀ ń lò ni kò sí níbẹ̀. Lórí Debian, tí òun náà jẹ́ oríṣi Linux, `firmware-sof-signed` ni orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé e wọlé, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn.

Ó dún lánàá, kò dún lónìí, Windows sì ṣì wà lórí rẹ̀.

Restart ni kí ẹ fi kúrò lórí Windows, kì í ṣe Shut down, nítorí Fast Startup, ètò tó ń mú kí Windows tètè tàn, kì í jẹ́ kí Windows kú tán.

Kí ló dé tí íápíìsì Bluetooth mi fi ń dún bí rédíò àtijọ́ bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ó ń gbé ohùn ẹnu yín lọ lákòókò kan náà, ó sì ní láti dín ohùn tó ń bọ̀ kù kí àyè lè gbà á. Ẹ lọ sí Input, kí ẹ yan gbohùngbohùn inú kọ̀ǹpútà.

Ṣé kí n gbé e lọ kí wọ́n pààrọ̀ sípíkà?

Ẹ má tíì gbé e lọ. Ẹ gbé Linux sórí fláàṣì, kí ẹ fi tan kọ̀ǹpútà náà láìfi nǹkan kan sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ bóyá yóò dún. Bí ó bá dún, sípíkà yín kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó bá sì ní dandan kí òun pààrọ̀ rẹ̀, àpò yín ló ń wò. Bí íápíìsì bá ń dún níbẹ̀ tí sípíkà kò dún, a lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí sípíkà.

Ṣé mo lè fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà méjì sì ni mo bẹ̀rù jù. Àkọ́kọ́ ni kí a gbé ohùn kọjá 100% fún wákàtí púpọ̀, èyí tó ń mú ohùn ya, tó sì lè ba sípíkà kékeré jẹ́. Èkejì ni kí a da àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sudo apt remove` kọ láti inú ìmọ̀ràn àtijọ́, nítorí sọ́fítíwíà tí ẹ ní kí ó lọ lè kó òmíràn dání. Kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ to gbogbo ohun tí yóò yọ sílẹ̀, yóò sì bèèrè lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí orúkọ tó ní "desktop" nínú, lẹ́tà N ni kí ẹ tẹ̀.