Gáàsì AC Ọkọ̀ Kì í Tán, Ó Ń Jò Ni

AC ọkọ̀ kò tutù mọ́. Ẹ wà á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe AC lẹ́bàá títì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi orí ìṣó tẹ ẹnu fáàfù kékeré kan, gáàsì dún "ṣìì", ó ní, "Ọ̀gá, gáàsì yín ti lọ sílẹ̀." Ó rọ òmíràn sí i, atẹ́gùn tútù jáde, ẹ sanwó, ẹ bá tiyín lọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ tún padà dé. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ti gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: pé bí epo bẹntiróòlù ṣe ń tán ni gáàsì AC náà ń tán, àti pé ẹni tó bá fẹ́ gbádùn AC á máa rọ gáàsì lọ́dọọdún ni, pàápàá nígbà tí ooru oṣù kejì bá ti gòkè.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gáàsì AC kì í jóná, ẹ́ńjìnnì kì í mu ún, kì í sì í bá atẹ́gùn tútù jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Inú páìpù tí wọ́n dé pa ló ti ń yí po. Èyí tí wọ́n rọ sí i nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà ló yẹ kó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bó bá ti dín, ó ti rí ibì kan gbà jáde nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e yíká. Gáàsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná títì wa ni R-134a. Òun ló rọ́pò gáàsì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní R-12 láàárín àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Montreal lọ́dún 1987 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú àwọn gáàsì tó ń ba ozone ojú ọ̀run jẹ́. Compressor, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, á fún gáàsì yìí pọ̀ títí pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ á fi ga, tí òun fúnra rẹ̀ á gbóná janjan. Á gba inú condenser tó wà níwájú radiator. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i lára, á gbé ooru rẹ̀ lọ, gáàsì á sì di olómi. Olómi yìí á wá gba ẹnu tóóró expansion valve bọ́ sínú evaporator tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ti máa já wálẹ̀ lójijì. Ní gbangba, ìwọ̀n 26°C sísàlẹ̀ òdo ni R-134a ti ń hó. Nínú evaporator, díẹ̀ ló fi ń ju òdo lọ. Ooru tó fẹ́ fi hó, ara afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ló ti ń gbà á, afẹ́fẹ́ tó sì ti pàdánù ooru yẹn ló ń fẹ́ sí yín lójú. Gáàsì á tún padà sínú compressor, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibì kan nínú gbogbo ìyípo yẹn tí wọ́n ti ná an.

Bí fìríìjì ilé ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń lo R-134a kan náà, ẹ ò sì rí ẹni tó ń gbé fìríìjì lọ rọ gáàsì lọ́dọọdún. Kí ló dé tí ti ọkọ̀ fi yàtọ̀? Compressor fìríìjì àti mọ́tò tó ń yí i, inú agolo irin kan ṣoṣo tí wọ́n jó pa ni wọ́n jọ wà, wọ́n sì fi iná jó àwọn páìpù pọ̀ mọ́ra. Ti ọkọ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì ló ń yí i láti ìta, nítorí náà, ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọrí jáde, rọ́bà roboto kan ló sì ń dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá yẹn. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, nítorí náà, páìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rọ́bà láàárín. Oríkèé-oríkèé ni wọ́n so ó pọ̀, rọ́bà tín-ínrín kọ̀ọ̀kan ló sì wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti kòtò ojú títì wa kún un.

Ìdí nìyẹn tí òótọ́ díẹ̀ fi wà lẹ́nu àwọn tó ń sọ pé gáàsì máa ń dín. Gíráàmù díẹ̀ máa ń gba ara rọ́bà jáde lọ́dún, àní nínú ọkọ̀ tí kò ní àìsàn kankan. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan AC rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá lè nílò díẹ̀, kò burú. Ọkọ̀ tó ń gba gáàsì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ojú ibi tó ń jò.

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí ta gbòǹgbò ni pé gáàsì tí wọ́n rọ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. AC á tutù lọ́jọ́ náà, ta ló máa wá ṣiyèméjì? Mi ò sì ní pe àwọn tó ń rọ gáàsì ní olè. Wíwá ojú ibi tó ń jò máa ń gba àkókò, ó máa ń gba irinṣẹ́, oníbàárà tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan kì í fẹ́ san owó ìyẹn. Àwa náà la máa ń sọ pé, "Ẹ ṣáà bá mi fi díẹ̀ sí i ná."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa "ṣìì" yẹn, nítorí òun gan-an ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ariwo gáàsì kò sọ iye tó kù. Géèjì tí wọ́n fi ń wọn pírẹ́ṣọ̀ náà kò sọ ọ́ bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ooru bá tó 30°C, tí ọkọ̀ sì ti sinmi, géèjì á fi nǹkan bíi 95 sí 100 psi hàn, ì báà jẹ́ gíráàmù 500 ló wà níbẹ̀ tàbí 200, níwọ̀n ìgbà tí olómi díẹ̀ bá ṣì kù nínú rẹ̀. Ooru ọjọ́ náà ni géèjì ń kà nígbà yẹn, kì í ṣe iye gáàsì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, géèjì á sọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, síbẹ̀ kò ní sọ iye gíráàmù. Ọ̀nà tó dájú ni kí wọ́n fa gbogbo gáàsì jáde sínú sílíńdà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n rọ ọ́ padà. Bébà kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀gbẹ́ radiator tó sọ orúkọ gáàsì náà àti iye gíráàmù tí ọkọ̀ yín ń gbà. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré máa ń wà láàárín 400 sí 800. Ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò nílé.

Gáàsì tó pọ̀ jù kì í mú kí AC tutù sí i. Condenser ò ní lè sọ gbogbo rẹ̀ di olómi bó ṣe yẹ, pírẹ́ṣọ̀ á ga, compressor á máa jìjàkadì, afẹ́fẹ́ á sì máa lọ́ wọ́ọ́wọ́. Èyí tó kéré jù náà léwu lọ́nà tirẹ̀: inú gáàsì ni ọ́ìlì tó ń fi ọ̀rá sí compressor lára ti ń rìn. Bí gáàsì bá ń jò, ọ́ìlì ń bá a jò, ẹni tó sì ń rọ gáàsì nìkan kò dá ọ́ìlì yẹn padà. Bí compressor bá wá gbẹ tó sì lọ̀ ara rẹ̀, ẹ̀rún irin á tàn ká gbogbo páìpù. Ẹ wá lọ bi wọ́n ní ọjà Ládípọ̀ iye tí wọ́n ń ta òmíràn.

Ojú ibi tó ń jò kì í fara pa mọ́ tó bí ẹ ṣe rò, nítorí ọ́ìlì yẹn kan náà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí oríkèé páìpù, sí ẹ̀gbẹ́ condenser, sí iwájú compressor níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti yọ. Níbi tí gáàsì bá ń gbà, ọ́ìlì á ti rin ibẹ̀ díẹ̀, eruku á sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, á dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ po ọṣẹ ìfọwọ́ mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún síbẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù. Jíjò díẹ̀ kì í hó gọ̀ọ̀, ìfófò kéékèèké ló máa ń yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí wọn kò bá tilẹ̀ yọ rárá, ìyẹn ò fi hàn pé kò jò. Ẹ má gbàgbé ẹnu fáàfù tí wọ́n fi ìṣó tẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ gan-an máa ń jò, irin kékeré tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pààrọ̀, kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ìdérí rẹ̀ tó sábà máa ń sọnù wà lára ohun tó ń dí i pa. Èyí tó le jù ni evaporator, nítorí pé wọ́n lè ní láti tú dáṣíbọ́ọ̀dù kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un ṣe, kí wọ́n fi ẹ̀rọ vacuum fa inú páìpù náà gbẹ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì wò ó bóyá géèjì á dúró. Atẹ́gùn àti ọ̀rinrin tó bá kù nínú rẹ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́: ọ̀rinrin lè di yìnyín ní ẹnu expansion valve, ó sì lè sọ inú páìpù di kíkan tó ń jẹ irin. Ẹni tó bá fò ìpele yìí kò tíì ṣe AC.

Ẹ kíyè sí gáàsì tí wọ́n ń rọ pẹ̀lú. Lọ́dún 2011, àwọn kọ̀ǹténà onífìríìjì kan bú gbàmù, èèyàn sì kú, nítorí wọ́n ti rọ ayédèrú R-134a sí wọn nígbà àtúnṣe ní Vietnam. Kẹ́míkà methyl chloride ló wà nínú ayédèrú yẹn, kò sì bá alumíníọ̀mù rẹ́. Alumíníọ̀mù ni condenser ọkọ̀ yín náà. Àwọn tòkunbọ̀ tuntun tó ń ti Yúróòpù bọ̀ tún wà tó jẹ́ gáàsì míì, R-1234yf, ni wọ́n ń lò, nítorí láti ọdún 2017, òfin ibẹ̀ kò gba R-134a mọ́ nínú ọkọ̀ kékeré tuntun. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rọ R-134a lé e.

Ó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ gáàsì rárá. Bí AC bá tutù dáadáa ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó wá ń fẹ́ ooru bí ẹ bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Berger, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù tó ń mú afẹ́fẹ́ gba ara condenser. Ọkọ̀ tó ń sáré ń rí afẹ́fẹ́ látojú ọ̀nà, èyí tó dúró kò ní nǹkan míì ju fáànù lọ. Nígbà míì, fíúsì tàbí relay (súwíìṣì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí fáànù) lásán ni, oníwáyà á sì mọ̀ ọ́n. Condenser tí ẹrẹ̀ àti kòkòrò ti dí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí kò le jù ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé fáànù inú ọkọ̀ ń pariwo, ohun tó ń fẹ́ jáde sì tutù ṣùgbọ́n kò tó nǹkan, ẹ tú pigeonhole, ẹ yọ fílítà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́, ohun tó máa ń tibẹ̀ jáde kì í dáa lójú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tutù tí èkejì sì lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tó ń da ooru heater pọ̀ mọ́ atẹ́gùn tútù ló há, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì tó kéré náà lè fa èyí.

Heater yẹn kò tilẹ̀ ní gáàsì nínú. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Chicago, bí heater bá ń fẹ́ òtútù sí yín lára ní oṣù kìíní, ẹ wo ìwọ̀n omi radiator nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ sì wo thermostat, fáàfù tó ń ṣí tó sì ń pa dé fún omi ẹ́ńjìnnì, bóyá ó ti há ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ rọ gáàsì nítorí ìyẹn, ẹ yáa wá ẹlòmíràn.

Omi tó ń kán sábẹ́ ọkọ̀ bí AC bá ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe gáàsì tó ń jò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló di omi lára evaporator. Bí kò bá kán sílẹ̀ mọ́, tó wá ń rin kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó síwájú, rọ́bà tó yẹ kó gbé e jáde ló dí. Kí wọ́n fẹ́ ẹ là láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì sá kápẹ́ẹ̀tì náà sóòrùn kó tó rùn.