0.04: Iye ọtí tó ń yọ awakọ̀ ojú irin kúrò nídìí iṣẹ́

Òfin rélùwéè Amẹ́ríkà kì í béèrè bóyá ọtí ń pa ènìyàn. Iye ọtí tó wà lára rẹ̀ ló ń béèrè. Bó bá ti tó 0.04, ìyẹn gíráàmù 0.04 ọtí nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn, títí amòye yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún wò tí onítọ̀hún yóò sì gba ìtọ́jú. Láti 0.02 sókè tí kò tó 0.04, wákàtí mẹ́jọ ló máa fi jókòó, ó kéré tán.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, 0.08 ni ti ẹni tó ń wa mọ́tò ara rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni ti rélùwéè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù tó gùn lè sáré tó máìlì kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì, kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ nìkan kọ́ lòfin dè: ó de ẹni tó ń darí ọkọ̀ láti ọ́fíìsì àti ẹni tó ń tún iná àmì ṣe. Láti 2017, ó de àwọn tó ń tún ojú irin ṣe pẹ̀lú.

Wọn ò gbọdọ̀ mutí ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ká ní ọmọ Yorùbá kan tó jẹ́ awakọ̀ ojú irin lọ sóde ìgbéyàwó ní Houston lálẹ́ Sátidé. Ó gbé ife sílẹ̀ láago méjìlá òru, ọtí ara rẹ̀ wà ní 0.12. Aago márùn-ún ìdájí ló ń wọṣẹ́. Ó ti sùn, ó ti fomi tútù wẹ̀, ó ti mu kọfí, ojú rẹ̀ sì ti dá. Ṣùgbọ́n oorun kì í lé ọtí, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, nǹkan bí 0.015 ló sì ń mú kúrò ní wákàtí kan. Wákàtí márùn-ún jẹ́ 0.075. Ẹ yọ ọ́ nínú 0.12: ó ku 0.045. Kò rú òfin wákàtí mẹ́rin, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀.

Bí wọ́n bá pè é fún àyẹ̀wò, ojú rẹ̀ ni wọ́n á ti já ọ̀rá kúrò lára ike tuntun tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń wọn ọtí inú èémí. Á fẹ́ èémí sínú rẹ̀ dáadáa, láìdáwọ́ dúró, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Bí kò bá tó 0.02, ó parí. Bó bá tó, wọn kò tíì dá a lẹ́bi. Á jókòó fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán: kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu, kó sì gbìyànjú kó má gùnfẹ̀. Ìdí ni pé ọtí tó ṣẹ́ kù sẹ́nu, títí kan ti omi ìfọnu tàbí oògùn ikọ́, lè gbé iye náà ga ju èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Tí ìṣẹ́jú 15 bá fi kọjá, á ti lọ. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà, torí ó ń gbèjà òṣìṣẹ́ tí kò mutí.

Kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ lásán, ó sì gbọ́dọ̀ fi 0.00 hàn. Iye ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àbájáde. Ẹni tó bá sì kọ̀ láti fẹ́ ẹ, oṣù mẹ́sàn-án ni kò fi ní ṣe irú iṣẹ́ náà.